Pẹ́dà Ìjàpá tó ń mì: ẹ wo búùṣì, píìnì àti ìkọ́ kí ẹ tó ra kébù

Kí n tètè sọ ọ́ kó má baà pẹ́ lẹ́nu mi. Tí pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì Volkswagen Ìjàpá yín bá ti ń lọ jìnnà sílẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, tí jíà ń ké kẹrẹrẹ tí ẹ bá fẹ́ fi í sí rìfáàsì, ẹ má tíì ra kébù o, ìyẹn okùn irin tó ń fa kílọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ torí pé ó ní pléètì kílọ́ọ̀ṣì ló ti jẹ. Ó lè jẹ́ pẹ́dà fúnra ẹ̀ ni. Nǹkan tó máa ń jẹ níbẹ̀ ò pọ̀, gbogbo wọn kéékèèké, owó wọn ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kébù àti owó iṣẹ́, àmọ́ torí pé ìsàlẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ń bò ni wọ́n wà, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n.

Volkswagen Ìjàpá ayé àtijọ́ ni mò ń sọ, èyí tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà lẹ́yìn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó lọ́dún 1975. Ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán, ẹ ṣì máa ń rí èyí tí bàbá ẹnì kan gbé kalẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, tí ọmọ wá ń fẹ́ jí i padà báyìí. Tí tiyín bá ti wọ̀lú ṣáájú April 2, 1972, ìyẹn ọjọ́ tí gbogbo Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kí títírìn ẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Iṣẹ́ yẹn náà ni, ṣùgbọ́n odì kejì tọ́nẹ́ẹ̀lì ni pẹ́dà máa wà. Tọ́nẹ́ẹ̀lì ni mo máa pe irin gbọọrọ tó wú sókè láàárín mọ́tò, tí jíà jókòó lé, tí àwọn kébù gba inú ẹ̀ kọjá lọ sẹ́yìn.

Ìdí tí pẹ́dà Ìjàpá fi máa ń tètè jẹ ni pé láti ilẹ̀ ló ti hù wá sókè, kò rọ̀ láti òkè bíi ti Peugeot 504. Gbogbo eruku ọyẹ́ Ìlọrin, gbogbo iyanrìn pupa tí bàtà bá kó wọlé, gbogbo omi òjò tí kápẹ́ẹ̀tì bá mu, ìdí pẹ́dà ni wọ́n ń kóra jọ sí. Yíyí ni irin ń yí nínú búùṣì níbẹ̀, ìyẹn òrùka tó yí i ká, gíríìsì àtijọ́ ti gbẹ, iyanrìn ti wọ inú ẹ̀, ó ti di fáìlì tó ń gé irin díẹ̀díẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé pẹ́dà ni

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí tí ẹ bá ṣì í mú níbí, iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣe lẹ́yìn ẹ̀ kò ní wúlò.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ kúnlẹ̀ síta, ẹ fi ọwọ́ di orí pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì mú kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Ó lè mì díẹ̀, ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n tó bá ń mì débi pé ó fẹ́ẹ́ kan pẹ́dà bíréèkì, búùṣì ti tán. Bíréèkì náà, ẹ mì í. Irin kan náà ló gba inú àwọn méjèèjì kọjá, nítorí náà tí ọ̀kan bá ti ń ṣe jàgàjìgì, ìkejì kì í pẹ́ tẹ̀ lé e.

Ẹ wò ó láti iwájú báyìí. Ṣé pẹ́dà méjèèjì ga dọ́gba? Tí ti kílọ́ọ̀ṣì bá ti dọ̀bálẹ̀ ju ti bíréèkì lọ, tí kébù ò sì já, píìnì tó so pẹ́dà mọ́ irin ni kí ẹ fura sí. Píìnì yẹn kì í ṣe irin gbọn-in, irin fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká bí ẹní ni, ó máa ń fún ara ẹ̀ mọ́ inú ihò. Tó bá ti jẹ tàbí tó ti fẹ́ gé, pẹ́dà á kọ́kọ́ yí díẹ̀ kí irin tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yin á wá máa rò pé kébù ló ti fà gùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú un dájú, ẹ ní kí ẹnì kan rọra máa tẹ pẹ́dà, kí ẹ̀yin tan iná sí ibi tí pẹ́dà ti wọ irin. Ẹ máa fojú rí i: pẹ́dà á yí, irin á dúró, lẹ́yìn náà irin á wá tẹ̀ lé e.

Ẹ mú rúlà. Ẹ fi ìka kan tẹ kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ wo ibi tó máa lọ lófìfo kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Mílímítà 10 sí 20 ló yẹ kó jẹ́. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kílọ́ọ̀ṣì ò ní já tán, jíà á máa ké. Tí kò bá sí àyè rárá, ìyẹn tiẹ̀ tún burú jù, torí kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, bíárìn inú ẹ̀ á sì máa yí ní gbogbo ìgbà títí táá fi jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ má dá pẹ́dà lẹ́bi tán o. Ẹ lọ sẹ́yìn lápá òsì gíabọ́ọ̀sì, ẹ máa rí páìpù rọ́bà tí kébù kílọ́ọ̀ṣì gba inú ẹ̀ jáde. Páìpù yẹn gbọ́dọ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, bíi mílímítà 25 sí 45. Tó bá nà tan-an, mọ́tò á máa gbọ̀n tí ẹ bá ń tu kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ìyẹn ò sì kan pẹ́dà rárá.

Bíréèkì ńkọ́? Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò dìde padà fúnra ẹ̀, sípíríngì ẹ̀ ti já tàbí irin ti dógùn-ún. Tó bá sì jẹ́ pé táyà ló ń gbóná lẹ́yìn tí ẹ wa mọ́tò díẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọ̀pá tó ń ti bíréèkì másítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti omi bíréèkì lọ sí táyà, ò ní àyè kankan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé pisitọ́ọ̀nù inú másítà ò rí ọ̀nà padà sẹ́yìn tán, ihò kékeré tí omi bíréèkì fi ń padà wá sínú agolo ẹ̀ á wà ní dídí, omi náà á gbóná, á wú, bíréèkì á máa mú fúnra ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó tú bíréèkì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin torí èyí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan tó ń ṣe é ò ju mílímítà kan lọ.

Ohun tí ẹ máa nílò

Sípánà, pílàyà, pílàyà onílọ́ọ̀kì, súkúrúdíráfà, hámà, pọ́ǹṣì tó bá ihò píìnì mu gẹ́lẹ́, búrọ́ọ̀ṣì onírin, kẹrosíìnì, gíríìsì gidi, tọ́ọ̀ṣì, okùn rọ́bà táyà. Ẹ ra búùṣì, píìnì, kílíìpù, sípíríngì àti rọ́bà orí pẹ́dà kalẹ̀ tí ẹ bá rí i. Mexico ṣì ń ṣe Ìjàpá títí di 2003, ìdí nìyẹn tí sípàápáàtì ẹ̀ ò fi tíì parẹ́. Èyí tí ẹ ò bá rí, tọ́nà, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, máa ṣe é. Ẹ tún nílò èèyàn kan tó máa jókòó sínú mọ́tò, ọmọ iṣẹ́, àbúrò, ẹnikẹ́ni tó ṣáà máa gbọ́ tí ẹ bá ní "dúró!".

Títú u

Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta dí táyà níwájú àti lẹ́yìn. Táyà ẹ̀yìn apá òsì máa yọ, torí náà ẹ jáàkì í, ṣùgbọ́n ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tó dúró lórí jáàkì nìkan, ẹ má sì gbé e lé búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Gẹdú igi tó nípọn tàbí sítáǹdì onírin ni kí ẹ lò.

Ẹ yọ ìjókòó dírẹ́bà jáde pátápátá. Àwọn kan máa ní kò pọn dandan, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yín máa dúpẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn. Ní òpin kébù kílọ́ọ̀ṣì, ẹ máa rí nọ́ọ̀tì elétí méjì tó jókòó sára apá irin gíabọ́ọ̀sì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gé ìdọ̀tí ibẹ̀, ẹ da kẹrosíìnì sí i kó rin, kí ẹ wá tú u. Tí nọ́ọ̀tì bá le, ẹ fi pílàyà onílọ́ọ̀kì di orí kébù mú níbi tó pẹlẹbẹ, torí tí kébù bá ń yí tẹ̀ lé nọ́ọ̀tì, okùn inú ẹ̀ á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ò sì ní mọ̀ títí dọjọ́ tó máa já tán lójú títì. Kò pọn dandan kí nọ́ọ̀tì jáde. Ẹ dá a dúró sẹ́nu kébù kó má baà sá wọlé.

Ẹ padà síwájú. Ẹ yọ pẹ́dà àsẹ́lérétọ̀ kúrò lórí ìsopọ̀ ẹ̀ nílẹ̀, kí ẹ wá yọ kébù ẹ̀ kúrò lára apá tó ń fà á. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀, torí ojú tí kílíìpù kékeré yẹn kọ sí, tí ẹ bá máa fi í padà, á dà bíi pé ẹ ò rí i rí.

Lẹ́yìn náà ọ̀pá bíréèkì. Kílíìpù kan àti píìnì kan ló so ó mọ́ pẹ́dà. Ẹ yọ wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀pá wà láyè ẹ̀. Ẹ má ṣe tú nọ́ọ̀tì tó wà lára ọ̀pá yẹn, ẹ má sọ ọ́ di gígùn tàbí kúkúrú. Ibòmíì la ti ń tún àyè bíréèkì ṣe, màá dé ibẹ̀. Sípíríngì bíréèkì náà, ẹ fi pílàyà tú u, kí ẹ gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí ó máa ń ta.

Pátákó irin kékeré kan wà nílẹ̀ tí pẹ́dà máa ń gbára lé tó bá dìde. Ihò bóòtì ẹ̀ gùn, kí ó lè ṣeé sún síwá sẹ́yìn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tàbí ìṣó ha àmì sílẹ̀ yí i ká kí ẹ tó tú u, kí ẹ lè mọ ibi tó wà.

Ó wá ku bóòtì méjì tó di gbogbo ẹ̀ mọ́ ara tọ́nẹ́ẹ̀lì. Ẹ tú wọn, ẹ fà á bọ̀ jẹ́jẹ́. Apá kan ṣì wà nínú tọ́nẹ́ẹ̀lì tí ẹ ò rí: ìkọ́ tí ojú kébù kílọ́ọ̀ṣì wọ̀. Ẹ na ìka méjì wọlé, ẹ já ojú kébù kúrò lára ìkọ́, kí ẹ wá gbé gbogbo ẹ̀ jáde. Ẹ fi wáyà so ojú kébù mọ́ ẹnu ihò kó má lọ sùn sínú tọ́nẹ́ẹ̀lì.

Tí ẹ bá rí i pé irin tọ́nẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ ti dógùn-ún níbi tí bóòtì méjì yẹn wà, wẹ́dà ló kàn, kì í ṣe tọ́nà. Pẹ́dà tuntun lórí irin tó ti rà, iṣẹ́ àṣedànù ni.

Lórí tábìlì

Ẹ fi kẹrosíìnì fọ gbogbo ẹ̀ títí táá fi mọ́. Ẹ fi fáìsì, irin tó ń di nǹkan mú lórí tábìlì, di í, ẹ fi pọ́ǹṣì gbá píìnì jáde, kílíìpù tó di bíréèkì náà, ẹ yọ ọ́. Irin á yọ jáde, pẹ́dà á pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ mú irin yẹn lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ fi èékánná yín fà á láti orí dé ìdí. Ibi tí búùṣì ò kan á máa dán kooro, èékánná á máa yọ̀ lórí ẹ̀, tó bá wá dé ibi tí búùṣì ti ń jẹ ẹ́, á kọ́. Ẹ máa rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ló jẹ jù, ẹ̀gbẹ́ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ sí. Ẹ wo ìkọ́ náà: ojú kébù á ti gbẹ́ kòtò sí i, etí kòtò yẹn á mú bíi bíléèdì. Òun ló ń gé kébù. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ní "kébù tí mo rà kò pẹ́", irú ìkọ́ yìí ló wà nínú mọ́tò wọn, kébù tuntun á tún já, wọ́n á tún máa bú ẹni tó ta kébù.

Tí ìkọ́ bá ti gbẹ́ díẹ̀, fáìlì àti sàǹdípépà á tún un ṣe, ẹ ṣáà ti sọ etí ẹ̀ di róbótó. Tó bá jìn, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà kún un, kí ẹ wá fi fáìlì dá a padà sí bó ṣe wà. Iná wẹ́dà lè tẹ irin o! Lẹ́yìn tó bá tutù, ẹ yí i gbiri lórí gíláàsì tó tẹ́jú. Tó bá ń fò sókè sódò, ó ti wọ́.

Búùṣì wá kù. Tí ẹ bá rí tuntun tó bá a mu, ó ti yá. Tí irin náà bá ti jẹ, búùṣì tuntun ò lè mú un dúró, ẹ máa lọ bá tọ́nà. Ẹ gbé irin àti ilé búùṣì lọ pa pọ̀, ẹ má sọ fún un lẹ́nu. Ẹ ní kó wọn irin níbi tí kò jẹ rárá, ìwọ̀n tó jáde wá nìyẹn, kó tún wọn ibi tó jẹ jù. Ọ̀nà méjì ló ní: kó fá irin kó dọ́gba, kó wá ṣe búùṣì tí inú ẹ̀ kéré bá a mu, tàbí kó jẹ́ kí wẹ́dà kún irin kó fá a padà. Èmi fara mọ́ àkọ́kọ́ tí kò bá ti jẹ jù, torí iná ò ní kan irin.

Ẹ ní kó fi idẹ ṣe é, ṣùgbọ́n idẹ ju idẹ lọ. Èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi wúrà rọ̀, èyí tó pupa díẹ̀ ló ń pẹ́. Ó máa bi yín pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kó le ni àbí kó yọ̀?" Ìdáhùn ni pé kó le nínú ilé ẹ̀, kó máa yọ̀ lára irin. Tí wọ́n bá ti fi fáìsì tẹ̀ ẹ́ wọlé tán, inú ẹ̀ á fún sí i díẹ̀, nítorí náà ẹ má kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ti irin bọ̀ ọ́. Irin gbọ́dọ̀ fi ìwúwo ara ẹ̀ rọra wọlé, kó má sì mì. Tó bá ń há, kó fá a sí i nígbà tí ẹ ṣì wà níwájú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti délé ọ̀rọ̀ ti di "ẹ padà wá lọ́la".

Píìnì, tuntun ni kí ẹ lò. Tí ihò ẹ̀ bá ti fẹ̀, ẹ dá a lu sí ìwọ̀n tó tẹ̀ lé e, kí ẹ ra píìnì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń gé ìṣó tàbí ẹlẹ́kítíróòdù wẹ́dà tì í bọ̀ ọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìṣó rọ̀, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gòkè tí tírélà wà lẹ́yìn yín ló máa gé.

Ihò tí píìnì ọ̀pá bíréèkì wọ̀ lára pẹ́dà náà, ẹ wò ó dáadáa, tó bá ti gùn bí ẹyin ẹ jẹ́ kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ dí i kí ẹ tún un lu. Kílíìpù ẹ̀, ẹ má tún ti àtijọ́ lò. Bíréèkì la ń sọ yìí.

Títò ó padà

Ẹ fi gíríìsì sí inú búùṣì, sára irin, sójú ìkọ́ àti ojú kébù. Ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, á ṣàn lọ, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ibi tó ṣàn sí. Kí gíríìsì má kan rọ́bà bíréèkì másítà o, á wú u.

Ọgbọ́n wà nínú fífi kébù kọ́. Ẹ gbé pẹ́dà wọlé, ẹ na ìka sínú tọ́nẹ́ẹ̀lì, ẹ fi ojú kébù kọ́ ìkọ́, kí ẹ wá dá pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì dúró gbọn-in. Láti ìgbà yẹn, pẹ́dà ò gbọ́dọ̀ wó síwájú mọ́, tó bá wó, kébù á bọ́ kúrò lára ìkọ́, ẹ tún máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni okùn rọ́bà ti wúlò: ẹ so pẹ́dà mọ́ títírìn kó fà á sẹ́yìn. Ẹ di bóòtì méjì yẹn, kí ẹ tó lọ sẹ́yìn lọ yí nọ́ọ̀tì elétí títí kébù fi máa nà díẹ̀. Ó di ìgbà yẹn kí ẹ tó tú rọ́bà.

Ẹ so àsẹ́lérétọ̀ àti ọ̀pá bíréèkì padà, sípíríngì, rọ́bà orí pẹ́dà. Rọ́bà tó ti dán ò dáa, bàtà tó tutù á yọ̀ kúrò lórí ẹ̀.

Àyè bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ sún pátákó irin tí ẹ fi àmì sí yẹn síwájú tàbí sẹ́yìn títí àyè tó wà láàárín orí ọ̀pá àti pisitọ́ọ̀nù másítà á fi jẹ́ mílímítà 1. Lórí pẹ́dà, ó máa dà bíi mílímítà 5 sí 7 kó tó kan nǹkan. Ẹ di bóòtì ẹ̀ le. Tó bá tó àkókò kílọ́ọ̀ṣì, ẹ máa yí nọ́ọ̀tì elétí ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó wà nínú mọ́tò máa fi rúlà wọn ọ́n, títí táá fi bọ́ sáàárín 10 sí 20. Etí nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ jókòó sínú kòtò méjì tó wà lára apá irin, tó bá jókòó sí orí òkè, á yí padà fúnra ẹ̀.

Dídán an wò

Kí mọ́tò tó kúrò lójú kan, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa lẹ́ẹ̀melòó kan, ẹ wò ó bóyá ó ń dìde padà wéré. Ẹ tẹ àsẹ́lérétọ̀ dé ilẹ̀, ẹ tu ú sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ padà fúnra ẹ̀. Ẹ wo kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, kó má baà ká sábẹ́ ẹ̀. Ẹ wá sítáàtì ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹ fi í sí rìfáàsì. Tí kò bá ké, ó ti dé.

Ọ̀nà tó dákẹ́ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wà á, kì í ṣe Post Office Ìlọrin lọ́sàn-án. Tó bá ti rìn díẹ̀, ká ní ẹ ti wà á dé Gánmọ̀ tàbí Àjàsẹ́-Ìpó padà, ẹ fọwọ́ kan àárín táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọ̀kan má gbóná ju èkejì lọ gidi gan-an, kí ẹ tún fi rúlà wọn kílọ́ọ̀ṣì, torí ojú kébù àti ìkọ́ á ti jókòó síra wọn, àyè ẹ̀ lè ti yí padà. Ẹ yí nọ́ọ̀tì díẹ̀ tó bá yẹ, kí ẹ sì fi sípánà yẹ bóòtì méjì ara tọ́nẹ́ẹ̀lì wò lẹ́ẹ̀kan sí i.